Mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí Róòmù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Manchester

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn níparí oṣù kẹrin, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa dé sí. Kátólíìkì paraku ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ Róòmù kí àwọn tó pé àádọ́rin ọdún. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ ká lò. Èmi náà ò débẹ̀ rí.

Ibo ló ṣe pàtàkì jù, ibo la lè fò? Orúnkún ọ̀tún màmá mi kì í jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n fẹ́ràn ẹran, wọn ò sì ní gbà pé búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá mọ ìlú náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.

Akin_Ìrìnàjò

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra. Ká tó dé orí oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ físà, torí ibẹ̀ ni ìrìn àjò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń forí ṣánpọ́n. Físà tí màmá fi ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kan Ítálì rárá. Físà Schengen, ìyẹn èyí tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni wọ́n nílò, Nàìjíríà ni kí wọ́n sì ti gbà á kí wọ́n tó gbéra, torí orílẹ̀-èdè téèyàn ń gbé ló ti ń bèèrè fún un. Ẹ̀yin náà, bó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ẹ máa gba tiyín. Ìwé ìgbélùú UK kò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ bó bá ku oṣù 6 sí ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Yúrò 90 ni owó físà àgbàlagbà, ẹ fi owó iléeṣẹ́ tó ń gba ìwé lé e. Ìwé adójútòfò ìlera tó lè san tó yúrò 30,000, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì náà. Ẹ má dúró di oṣù kẹrin o, ọjọ́ tí wọ́n ń fún èèyàn láti wá fi ìwé sílẹ̀ tètè máa ń kún.

Ìyá_Ìbejì_Róòmù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, káàbọ̀ ṣáájú. Róòmù ni mo ń gbé, ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà sì ni iṣẹ́ mi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orúnkún màmá rẹ ni mo kọ́kọ́ rò.

Àdúgbò Prati ni kó o wá yàrá sí. Òkè pọ̀ ní Róòmù, àmọ́ ilẹ̀ Prati tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Vatican láti ibẹ̀, ìdíkọ̀ Ottaviano tó wà lórí ìlà A mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, sì wà lẹ́bàá yín. Kó o tó sanwó, bi wọ́n bóyá ascensore wà nínú ilé náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè. Ilé àtijọ́ pọ̀ níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní in. Owó kan tún wà tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìràwọ̀ òtẹ́ẹ̀lì bá ṣe pọ̀ tó lowó náà ṣe ń pọ̀ sí i. Òtẹ́ẹ̀lì ló máa gbà á lọ́wọ́ yín, torí náà má rò pé jìbìtì ni.

Láti pápákọ̀ òfurufú Fiumicino, ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express ń gbé èèyàn dé Termini, ìdíkọ̀ ojú irin ńlá ìlú, láàárín ìṣẹ́jú 32, yúrò 14 lẹ́nì kan. Ẹ̀yin méjì pẹ̀lú ẹrù àti orúnkún tó ń dunni, táásì ni mo máa wọ̀ ká ní èmi ni. Funfun ni táásì ìlú. Yúrò 55 ni iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ kan láti Fiumicino dé inú ògiri àtijọ́ tó yí àárín ìlú ká. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni Prati wà, torí náà mítà ni wọ́n máa lò fún yín. Bi awakọ̀ léèrè kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹni tó bá wá pàdé yín nínú pápákọ̀, tó ń sọ pé òun ní táásì, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ohun kan á dùn mọ́ màmá nínú: ará ibí ka kíkí sí. Bẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, "buongiorno" ló ń ṣáájú, bó bá di ìrọ̀lẹ́, "buonasera". Ẹni tó bá wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, tó kàn ń nawọ́ sí ọjà, wọn kì í dá irú wọn lóhùn dáadáa.

Ẹ má sì ra omi kiri. Ẹ̀rọ omi onírin kúkúrú kan wà káàkiri ìgboro, nasone ni wọ́n ń pè é. Láti 1874 ni wọ́n ti ń gbé e kalẹ̀, ó lé ní 2,000 báyìí. Omi rẹ̀ tutù, ó mọ́, ọ̀fẹ́ ni. Fi ìka dí ẹnu ẹ̀rọ náà nísàlẹ̀, wàá rí i pé omi á tú sókè látinú ihò kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, màmá á mu ún láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ sáà mú ike omi dání.

Kúnlé_Bologna

Àǹtí, àdúgbò kan lóòjọ́. Ẹ di ìyẹn mú. Ẹni tó bá fẹ́ rí Colosseum láàárọ̀, kó wọ Vatican lọ́sàn-án, kó ya fọ́tò níbi ìsun omi Trevi nírọ̀lẹ́, orí ìlà àti inú ọkọ̀ ló máa lo ọjọ́ náà.

Colosseum, pápá ìwòran àtijọ́ ńlá yẹn: ọba Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Titus ọmọ rẹ̀ ló ṣí i lọ́dún 80. Ìkànnì ìjọba ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 30 ṣáájú ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Orúkọ yín máa wà lára rẹ̀, wọ́n sì máa wo pásípọ́ọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà, torí náà orúkọ tó wà nínú ìwé gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lówó gọbọi lójú pópó, ẹ kọjá lára wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí kan náà lẹ máa fi wọ Forum, àwókù gbàgede Róòmù àtijọ́, àti òkè Palatine. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú Colosseum, ẹ béèrè fún un. Ọ̀fẹ́ ni lọ́jọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, ṣùgbọ́n èrò ọjọ́ yẹn kò yẹ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ẹ wọ bàtà tó nípọn nísàlẹ̀. Òkúta kéékèèké ni wọ́n tò sí ìgboro, bàtà onígìgísẹ̀ kò lè rìn lórí rẹ̀.

Tólú_Leeds

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ fàyè gbà mí, mi ò fara mọ́ ti Forum fún màmá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí págunpàgun, òjìji kò pọ̀, béèyàn bá sì ti wọlé, ọ̀nà jíjìn ni kó tó jáde. Táásì ni kí wọ́n wọ̀ lọ sí Campidoglio, gbàgede orí òkè tí Michelangelo yàwòrán rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìlú bọ́ sẹ́yìn, ẹ máa bá ibi kan téèyàn ti lè fara ti ògiri wo gbogbo Forum nísàlẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́rọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ló dára jù.

Ẹnu ọ̀nà ńlá olókùúta funfun tó wà nísàlẹ̀ yín gan-an níbẹ̀, ti ọba Septimius Severus ni, ọdún 203 ni wọ́n gbé e dúró. Leptis Magna ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Líbíà lónìí. Ọmọ Áfíríkà ló jọba lórí gbogbo Róòmù láti 193 títí di 211. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ya fọ́tò rẹ̀ láìmọ̀ pé ará ilẹ̀ Áfíríkà ló ni ín. Ẹ sọ ìtàn náà fún màmá, á wọ̀ wọ́n lára ju ọ̀rọ̀ àwọn ajàkadì inú Colosseum lọ.

Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ àwọn ará Róòmù, ẹ má fò ó. Ọba Hadrian ló kọ́ ọ, ó parí ní nǹkan bí ọdún 126. Òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 43, ilẹ̀ dé òkè rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà 43. Kọnkéré ni, kò sí irin kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì wà lórí ìdúró. Ihò ńlá kan wà ní àárín òrùlé tí wọn ò dí. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ilé ló ń rọ̀ sí. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa: àárín rẹ̀ ga díẹ̀, wọ́n sì lu àwọn ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sára òkúta mábù kí omi lè bá a lọ. Láti 609 ló ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Owó díẹ̀ ni ìwọlé, àtẹ̀gùn kò sí níbẹ̀ tó máa dààmú wọn.

Kúnlé_Bologna

Tólú, mo gbà fún màmá. Àmọ́ Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ alára, ẹ fún ara yín ní òwúrọ̀ kan nínú Forum, kí màmá jókòó mu tíì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó yàtọ̀ kéèyàn rìn lórí òkúta yẹn fúnra rẹ̀.

Sístà_Fẹlísíà

Ìyìn fún Jésù. Ọ̀rọ̀ Vatican ni tèmi.

Bí Póòpù bá wà nílé, àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló ń bá àwọn èrò pàdé. Tíkẹ́ẹ̀tì wà fún un, ọ̀fẹ́ ni, ọ́fíìsì Vatican fúnra rẹ̀ ló ń fúnni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fún un, ẹ má dá a lóhùn. Sọ́ńdè, ní agogo 12 ọ̀sán, Póòpù máa ń yọjú lójú fèrèsé, á gba àdúrà Angelus pẹ̀lú àwọn èrò, kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan fún ìyẹn. Ẹ tètè débẹ̀ kẹ́ ẹ lè ríbi fara tì.

Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé Bàsílíkà Pétérù Mímọ́, ìlà àyẹ̀wò ara ló máa ń gùn, agogo méje àárọ̀ lẹ máa lọ. Ní ọwọ́ ọ̀tún bẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ máa rí ère Màríà tó gbé òkú Jésù lé ẹsẹ̀, iṣẹ́ Michelangelo. Ẹ jẹ́ kí màmá dúró pẹ́ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lọ sí orí òrùlé bàsílíkà jẹ́ 551. Ẹ̀rọ agbéniròkè ń dín in kù, àmọ́ ó ṣì ń ku èyí tó lé ní 300, tó há, tó sì ń yí po. Ẹ fi sílẹ̀.

Músíọ̀mù Vatican ni ẹ máa gbà dé ilé àdúrà Sistine, níbi tí Michelangelo ti kun òrùlé láti 1508 sí 1512. Wọn ò gbà kéèyàn ya fọ́tò nínú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ ariwo. Wọ́n máa ń tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àyàfi èyí tó kẹ́yìn oṣù. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ aláìlera tí wọ́n ń yáni lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹtí, ẹ gbà á fún màmá, kódà bí wọ́n bá ní àwọn lè rìn, torí ọ̀nà inú músíọ̀mù náà gùn ju bí èèyàn ṣe lérò lọ. Ní ti aṣọ, èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò. Ìró àti bùbá ti yanjú ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dé gan-an ni Santa Maria Maggiore, lẹ́bàá Termini. Póòpù Francis ni wọ́n sin síbẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Sàréè rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ sí i: Franciscus. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ béèrè fún ibi ìrìbọmi. Ère ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀, orí dé àyà, òkúta dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ojú rẹ̀. António Manuel ni, wọ́n tún ń pè é ní Ne-Vunda. Ọba Kóńgò ló rán an sí Póòpù lọ́dún 1604 gẹ́gẹ́ bí ikọ̀. Ó gba Brazil, ó gba Portugal àti Spain, àìsàn àti ìyà bá a lójú ọ̀nà, àwọn tó bá a rìn ń kú. Oṣù kìíní 1608 ló wọ Róòmù, àárẹ̀ ti mú un débi pé kò lè jíṣẹ́ náà ní gbangba. Póòpù Paul Karùn-ún fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn. Ọjọ́ mélòó kan péré ló lò nílùú kó tó kú, Póòpù sì ní kí wọ́n sin ín sínú bàsílíkà yẹn. Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un. Ó dùn mí pé àwọn èèyàn wa ń kọjá lójú pópó yẹn lójoojúmọ́ láìwọlé kí i.

Démọ́lá_Alásè

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rọ̀ ẹran. Àǹtí, ọkàn yín balẹ̀: ìlú tó ń jẹ ṣàkì àti ìrù màlúù lẹ ń mú màmá lọ.

Testaccio ni kẹ́ ẹ wá, ìdíkọ̀ Piramide lórí ìlà B. Ibẹ̀ ni ilé ìpẹran ìlú wà títí di 1975. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń gba ìrù, ṣàkì, ìfun àti ẹ̀dọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ wọn, ìyàwó wọn àtàwọn alásè tó wà nítòsí sì sọ ọ́ di ọbẹ̀. "Quinto quarto" ni wọ́n ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀. Trippa alla romana jẹ́ ṣàkì tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sè pẹ̀lú tòmátò títí tó fi rọ̀, wọ́n á wá fi ewé olóòórùn dídùn kan àti wàràkàṣì àgùntàn sí i lórí. Sátidé ni wọ́n ń sè é jù, láti ayé àwọn bàbá wọn wá. Coda alla vaccinara jẹ́ ìrù màlúù tó ti wà lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú tòmátò àti sẹ́lẹ́rì, ẹran rẹ̀ á máa já kúrò lára eegun fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ tó bá kù nínú àwo, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bínú. Kì í ta bí ti wa. Ẹ béèrè fún "peperoncino", wọ́n á gbé ata wá.

Nínú pásítà, mẹ́rin ni ti Róòmù pọ́ńbélé. Amatriciana ni mo fọwọ́ sí fún màmá, torí tòmátò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní guanciale. Gricia jẹ́ èyí láìsí tòmátò. Cacio e pepe, wàràkàṣì àti ata dúdú péré. Carbonara, guanciale, wàràkàṣì, ata dúdú àti ẹyin, kì í sì í jinná bí ẹyin tiwa ṣe ń jinná. Bí wọn ò bá fẹ́ràn ẹyin rírọ̀, ẹ má pè é fún wọn.

Ebi àárín ọ̀nà: supplì. Ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ọbẹ̀ tòmátò ni, wọ́n á fi wàràkàṣì sí àárín rẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ bí ẹyin tó gùn díẹ̀, wọ́n á wá dín in. Ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú epo. Pizza al taglio náà wà, ìyẹn písà tí wọ́n ń gé tà: ẹ máa fọwọ́ han ẹni tó ń tà á ibi tí ẹ fẹ́ kó gé, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á.

Ilé oúnjẹ tí ẹnì kan bá dúró síwájú rẹ̀ tó ń fa yín lọ́wọ́, tí fọ́tò oúnjẹ sì kún ògiri rẹ̀, ẹ kọjá. Kí agogo méje ààbọ̀ alẹ́ tó lù, ilé ìdáná àwọn tó dára kò tíì ṣí. Kọfí tẹ́ ẹ bá mu lórí ìdúró dínwó gan-an ju èyí tẹ́ ẹ jókòó mu lọ. Bẹ́ ẹ bá rí "pane" nínú ìwé owó, owó búrẹ́dì ni.

Alájà_Ṣẹ̀rífá

Àlàáfíà fún gbogbo ilé. Èmi náà ń múra àti lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ inú gbogbo pásítà wọ̀nyí ńkọ́ fún àwa Mùsùlùmí?

Ìyá_Ìbejì_Róòmù

Alájà, ẹ kú ìrìn. Cacio e pepe kò ní ẹran nínú. Ní àdúgbò àwọn Júù, tí wọ́n ń pè ní Ghetto, àwọn ilé oúnjẹ tó ń tẹ̀ lé òfin wọn kì í kan ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Carciofi alla giudia ni kẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, òdòdó ewébẹ̀ kan tí wọ́n dín odindi títí ewé rẹ̀ fi là, tó sì ń dún kàràkàrà lẹ́nu. Ẹran hàláàlì wà lọ́jà Esquilino, nítòsí Piazza Vittorio. Ọjà yẹn kan náà ni àwa ń ná: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ilá, ata, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá Róòmù, tí wọ́n ṣí ní 1995, wà ní ìhà àríwá ìlú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Jímọ̀ níbẹ̀, ẹ fi àkókò tó pọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀nà.

Tólú_Leeds

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ olè. Bọ́ọ̀sì 64, mẹ́tírò ìlà A àti Termini ni àwọn ajáwọ́sápò ti ń ṣọṣẹ́ jù. Báàgì níwájú, fóònù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ so ẹ̀gbà mọ́ màmá lọ́wọ́ "lọ́fẹ̀ẹ́", owó ló máa bèèrè lẹ́yìn náà. Trevi, agogo mẹ́fà àárọ̀ kí èrò tó dé. Owó tẹ́ ẹ bá jù sínú omi, Caritas, àjọ aláàánú ti Kátólíìkì, ló ń kó o fún àwọn aláìní. Ẹ má sì jókòó sórí àtẹ̀gùn Piazza di Spagna, owó ìtanràn wà fún un.

Àbẹ̀kẹ́_Manchester

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ka ti Ne-Vunda sétígbọ̀ọ́ màmá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ká tó dé Vatican. Lórí ṣàkì, wọ́n bèèrè bóyá wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọjọ́ Fúráìdeè, ni mo rí ọkọ̀ òfurufú tó dínwó, ká lo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣé ó dára?

Ìyá_Ìbejì_Róòmù

Wọ́n ń fọ̀ ọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, funfun báláú ló máa ń dé inú àwo. Àmọ́ dákun, sún ọjọ́ yẹn síwájú. Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni: músíọ̀mù Vatican máa ń tì, bọ́ọ̀sì àti mẹ́tírò kì í rìn bíi tojoojúmọ́, èrò orin sì máa ń kún ìhà San Giovanni. Ọjọ́ Túsìdeè sí Fúráìdeè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló máa dára, Wẹ́sìdeè Póòpù á bọ́ sí i. Fúráìdeè ni wọ́n máa ń yan ìyanṣẹ́lódì ọkọ̀ sí lọ́pọ̀ ìgbà, "sciopero" ni wàá rí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdíkọ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ṣì máa ń rìn títí di 8:30 àárọ̀, á tún rìn láti agogo márùn-ún sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ ń padà. Bẹ́ ẹ bá ti gba físà, kọ̀wé sí mi níbí, màá bá ọ tẹ òtẹ́ẹ̀lì náà láago lédè Ítálì, kí n bi wọ́n bóyá ascensore náà ń ṣiṣẹ́.